Ṣé ó dákú ni, ṣé ó gan ni, àbí ó kú? Ìrírí mi lórí káàdì gíráfíìsì tí a ti overclock

Bí wọ́n bá gbé kọ̀ǹpútà wá, tí wọ́n ní káàdì gíráfíìsì rẹ̀ ò gbádùn mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti overclock ẹ̀ (ìyẹn ni pé wọ́n mú un sáré ju bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é lọ), ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n: ṣé ó dákú ni, ṣé ó gan ni, àbí ó kú? Ọ̀pọ̀ á ní kí ni ìyàtọ̀ ńbẹ̀. Ìyàtọ̀ pọ̀ ńbẹ̀ o. Ohun tó ń mú káàdì dákú kọ́ ló ń mú un kú, ẹni tó bá sì ń fi oògùn ọ̀kan wo èkejì á máa yọ 15 MHz kúrò nínú iyára ẹ̀, á tún máa fi 10 kún un, títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ká mú dídákú ná. Ojú sikirínì á ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú-àáyá kan sí mẹ́ta, á tún là padà, géèmù á ti jáde, àmọ́ Windows ṣì wà láàyè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Windows gbé iṣẹ́ fún káàdì, káàdì ò dá a lóhùn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 2, ni Windows bá da omi sí driver (sọ́fítíwíà tó ń bá káàdì sọ̀rọ̀) lójú kó lè jí. TDR ni wọ́n ń pe ètò yìí. Ẹ tẹ Windows+R, ẹ kọ eventvwr.msc kí Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí, lè ṣí, ẹ wọ Windows Logs, ẹ ṣí System: ẹ ó rí Display pẹ̀lú nọ́ńbà 4101, orúkọ driver á sì wà ńbẹ̀, nvlddmkm fún NVIDIA, amdkmdag tàbí amdwddmg fún AMD. Bí driver ò bá jí, ojú búlúù (dúdú ni lórí Windows 11 tuntun) tó kọ VIDEO_TDR_FAILURE, 0x116, ló máa yọ. Géèmù fúnra rẹ̀ lè kọ DXGI_ERROR_DEVICE_HUNG tàbí DEVICE_REMOVED kó tó jáde. Bí overclock bá ní àìsàn kan tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an, òun nìyí: iyára tí ẹ gbé ka core (ọpọlọ káàdì) lórí pọ̀ ju fólítéèjì tó wà ńdìí ẹ̀ lọ.

Gígan yàtọ̀. Àwòrán á dúró sójú kan, ohùn á máa tún ara rẹ̀ pè bíi réékọ́ọ̀dù tó ti họ, kíbọ́ọ̀dù ò ní dáhùn, àfi kí ẹ tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ pa á. Èyí ṣòro díẹ̀ láti mọ̀dí, torí core lè fà á, mẹ́mórì káàdì lè fà á, RAM kọ̀ǹpútà tí XMP (ètò tó ń mú RAM yá ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ) wà lórí ẹ̀ náà lè fà á. Bí ẹ bá rí WHEA-Logger (àkọsílẹ̀ àṣìṣe ara ẹ̀rọ) nínú Event Viewer lásìkò kan náà, ẹ kọ́kọ́ fura sí processor, RAM, tàbí ojú PCIe tí káàdì jókòó sí, kí ẹ tó fọwọ́ kan Afterburner, sọ́fítíwíà tí a fi ń overclock.

Kíkú ni pé kí gbogbo ẹ̀ ṣú lẹ́ẹ̀kan náà, kí fáànù dúró, bí ẹni pé wọ́n fa wáyà ẹ̀ yọ lára ògiri. Nígbà mìíràn á tún tan fúnra rẹ̀. Event Viewer á kọ Kernel-Power 41, BugcheckCode rẹ̀ á sì jẹ́ 0. Ẹ rọra pẹ̀lú 41 yìí ní Ìbàdàn o. Kò sọ ju pé kọ̀ǹpútà kú láìjẹ́ pé wọ́n pa á bó ṣe yẹ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ tí UPS ò sí, 41 kan ti wọlé nìyẹn. Ẹ tẹ bọ́tìnì pa èyí tó gan, òmíràn tún wọlé. Mo ti rí kọ̀ǹpútà tí 41 kún inú ẹ̀ bámúbámú tí káàdì ẹ̀ ò sì ṣe nǹkan kan. Àkókò tó wà níwájú ẹ̀ ni kí ẹ wò: bó bá jẹ́ àárín géèmù ni, tí gílóòbù ilé ò sì ṣẹ́jú rárá, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ iná inú kọ̀ǹpútà ni. PSU (àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà), wáyà, tàbí ohun tó ń ti ògiri bọ̀. Kò sí iye MHz tí ẹ lè yọ lára core tó máa wo èyí sàn tán.

Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ dá gbogbo ẹ̀ padà sí òdo, ìyẹn bó ṣe wà kí ẹ tó overclock ẹ̀, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Òdo ni mo wí, n ò ní kí ẹ dín in kù. Ẹ tẹ Reset nínú MSI Afterburner, ẹ yọ àmì tó ní kó máa gbé overclock wọlé bí Windows bá ti ń tan, kí ẹ sì wò ó bóyá sọ́fítíwíà mìíràn ń darí káàdì yẹn náà. Adrenalin ti AMD àti Afterburner lórí káàdì kan ṣoṣo, ọkọ̀ tí awakọ̀ méjì dì ní sítíárìn mú ni. Bí kò bá tiẹ̀ jẹ́ kí ẹ rí Windows wọ̀ kó tó dákú, ẹ gba Safe Mode wọlé; driver gidi kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀, overclock náà ò ní rí ẹsẹ̀ walẹ̀.

Àwọn káàdì kan wà tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ti overclock wọn kí wọ́n tó dé páálí. Fún NVIDIA, ẹ ṣí NVIDIA Control Panel, ẹ wọ Help, ẹ tẹ Debug Mode: á dá káàdì sí iyára tí NVIDIA fúnra rẹ̀ là sílẹ̀. Bó bá dúró níbẹ̀ tí kò lè dúró lórí ti páálí, ó ti ń rẹ̀ ẹ́ nìyẹn, ẹ yé bẹ̀ ẹ́ kó tún sáré sí i. Ẹ pa XMP náà fún ọjọ́ mélòó kan. Bó bá ṣì ń dákú ní òdo, ẹ fi DDU, sọ́fítíwíà tó ń yọ driver tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, fọ driver kúrò nínú Safe Mode. Ẹ ti gba driver tuntun sórí flash sílẹ̀, kí ẹ sì ti yọ íntánẹ́ẹ̀tì, torí Windows Update á ti sáré fi tirẹ̀ síbẹ̀ kí ẹ tó yíjú.

Ọ̀rọ̀ òdo yìí tún ní ìdí mìíràn. Mélòó nínú wa ló ra káàdì nínú páálí tuntun? Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù, ì báà jẹ́ Queen Cinema la ti rà á tàbí kí wọ́n fi mọ́tò gbé e wá láti Ìkẹjà. Nígbà tí Ethereum, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, yí ètò rẹ̀ padà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, tí káàdì ò wúlò fún wíwa á mọ́, àwọn tó ń fi káàdì wa kọ́ìnì tú wọn sọ́jà. RX 570 àti RX 580 ni kí ẹ fojú sí jù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti tún BIOS wọn (ètò inú káàdì tó ń sọ bó ṣe máa sáré) kọ: wọ́n fún timing mẹ́mórì (àkókò tó fi ń dúró láàárín iṣẹ́) pọ̀ kó lè yá, wọ́n sì fa core sílẹ̀. Èyí tí Afterburner ń pè ní òdo níbẹ̀, overclock ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kí ẹ tó rà á. Ẹ ṣí GPU-Z, ẹ fi iyára àti BIOS Version tó wà níbẹ̀ wé ohun tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe káàdì náà kọ. Ẹ wo Shaders pẹ̀lú. RX 580 gidi ní 2304. Bó bá jẹ́ 2048 lẹ rí, RX 580 2048SP ni, ìyẹn RX 570 tó wọ ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí súwíìsì kékeré tó ń yan BIOS méjì bá wà létí káàdì, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà iná, ẹ tì í sí apá kejì, ẹ wá dán an wò. Bí kò bá sí, ẹ fi GPU-Z tọ́jú BIOS tó wà lórí ẹ̀ sí flash ná kí ẹ tó kọ òmíràn lé e. Èyí tí kò bá bá mẹ́mórì orí káàdì mu, bóyá Samsung ni o, Hynix, Micron tàbí Elpida, lè sọ káàdì di òkúta.

Tó bá wá dúró ṣinṣin ní òdo, a lè bá overclock wí. Ibi tó sì máa ń ya èèyàn lẹ́nu jù nìyí: káàdì tó dúró dáadáa lọ́sàn-án oṣù kẹta, tí ooru Ìbàdàn ń bọ́ aṣọ lára èèyàn, lè dákú ní kùtùkùtù àárọ̀ ọyẹ́, tí kò tíì gbóná rárá. GPU Boost ni. NVIDIA máa ń sọ iyára core kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìgbóná bá ṣe ń gòkè, nǹkan bíi 13 sí 15 MHz lẹ́ẹ̀kan. Káàdì tí ẹ rí ní 1950 MHz nígbà tó wà ní dígírì 75 lè wà ní 1995 tàbí 2010 nígbà tó wà ní 45. Iyára tó ń sá láàárọ̀ kọ́ ló ń sá lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ẹ ò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ohun kan náà ló fà á tó fi máa ń dákú nínú menu, níbi tí géèmù ti ń load, tàbí nígbà tí ẹ bá tẹ Alt+Tab, tí ìjà gidi ò sì ṣe é ní nǹkan kan. Bí iṣẹ́ bá wúwo, power limit (òdiwọ̀n iná tí káàdì lè jẹ) á máa fa core sílẹ̀. Bí iṣẹ́ bá fúyẹ́, kò sẹ́ni tó dì í mú mọ́, á fò lọ sókè téńté. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi FurMark, sọ́fítíwíà tó ń gbé iṣẹ́ wúwo lé káàdì, dán iyára wò. Iná tí FurMark ń jẹ pọ̀ débi pé power limit á ti fa core sílẹ̀ pátápátá, ẹ̀yin á sì rò pé 1950 yín ló yege. Ooru àti PSU ni FurMark mọ̀ ọ́n dán wò. Fún core, mo fara mọ́ Stress Test ti 3DMark Time Spy, ìyípo 20, kó gba 97% ó kéré tán, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nígbà tí káàdì tutù. Lẹ́yìn ẹ̀ ni géèmù tó ń yọ ọ́ lẹ́nu gan-an, odidi wákàtí kan, kí ẹ máa jáde sí menu kí ẹ tún máa wọlé. Káàdì lè yege nínú Time Spy kó wá dákú nínú géèmù tó ní ray tracing, torí apá ibòmíràn nínú chip nìyẹn ń lò.

Àwọn kan á ní kí ẹ wọ registry, kí ẹ sọ TdrDelay (iye ìṣẹ́jú-àáyá tí Windows fi ń dúró de káàdì) di 8 tàbí 10 dípò 2. Ẹni tó ń fi Blender ṣe iṣẹ́ tó pẹ́ lè rí ìlò fún un. Ti géèmù, kò wo nǹkan kan: káàdì tó ti dákú ṣì dákú, ẹ kàn pẹ́ kí ẹ tó mọ̀ ni.

Mẹ́mórì ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tirẹ̀. Láti GDDR5 síwájú, mẹ́mórì lè mọ̀ pé ohun tóun fi ránṣẹ́ kò dé bó ṣe yẹ, á sì tún un fi ránṣẹ́. Nítorí náà, +800 MHz tí kò mú káàdì dákú kò túmọ̀ sí pé +800 dára: ó lè máa tún iṣẹ́ kan náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́lẹ̀. Ẹ fi 100 kún un lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa kọ máàkì tí Superposition, sọ́fítíwíà ìdánwò kan, bá fún un sílẹ̀. Níbi tí máàkì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ẹ padà sẹ́yìn ní 200. Lẹ́yìn náà, ẹ fi memtest_vulkan tàbí VRAM test ti OCCT yẹ̀ ẹ́ wò. Àṣìṣe kan péré ti pọ̀ jù. Bí ẹ bá ń rí àmì kéékèèké bíi pátákó ayò lójú sikirínì, mẹ́mórì ni kí ẹ kọ́kọ́ dì mú. Bí àmì náà ò bá lọ ní òdo, chip mẹ́mórì tàbí lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó o mọ́ bọ́ọ̀dù ló ti bàjẹ́. Àwọn tó ń gbé káàdì sínú ààrò kó lè "jí", ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n ń rà, òórùn ẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tó yẹ kó wà níbi tí wọ́n ti ń yan ẹran.

Ooru: ẹ ṣí HWiNFO, kí ẹ má wo GPU Temperature nìkan. Ẹ wo Hot Spot, ibi tó gbóná jù lórí chip, pẹ̀lú. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ti ń lọ kọjá dígírì 20 sí 25, thermal paste (ohun tí wọ́n fi pa ojú chip kí ooru lè kọjá) ti gbẹ tàbí síkúrù ò fún dọ́gba. Káàdì tó ní GDDR6X, ẹ wo Memory Junction, ooru inú mẹ́mórì. Ní dígírì 110 ló máa fa ara rẹ̀ sẹ́yìn, èmi ò sì fẹ́ kó kọjá 95. Eruku ọyẹ́ kì í hàn láti ìta. Ẹ tú fáànù kúrò, ẹ ó rí i tó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí páànù irin tó ń fa ooru kúrò bí àkísà tí wọ́n ká lé e, èyí tó dojú kọ fáànù nìkan, àwọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ á sì máa dán. Ẹ fi ọwọ́ di abẹ́ fáànù mú kí ẹ tó fẹ́ búlówà sí i, kó má baà yí ju bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá máa pààrọ̀ pad (rọ́bà tó ń gbé ooru mẹ́mórì lọ sára páànù), ẹ wọn bí ti tẹ́lẹ̀ ṣe nípọn: 1 mm, 1.5, 2. Èyí tó bá nípọn jù á gbé páànù kúrò lórí core, hot spot á sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọṣẹ ìfọyín kì í ṣe thermal paste, ẹ jọ̀ọ́.

Ó ku iná, ibẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú kíkú ti ń wá. Ojú PCIe ń fún káàdì ní wáàtì 75, ẹnu 6-pin 75, ẹnu 8-pin 150. GTX 1660 Super jẹ́ wáàtì 125, RX 580 185, RTX 3080 320. Overclock á tún fi tirẹ̀ lé e. Yàtọ̀ sí èyí, káàdì máa ń fà á lójijì fún ms (ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá) díẹ̀, ó sì lè ju iye yẹn lọ dáadáa. Ẹ má wo 500W tí wọ́n kọ gàdàgbà sára PSU. Ẹ wo ìlà +12V: bí wọ́n bá kọ 25A, 25 lọ́nà 12, wáàtì 300 lẹ ní fún processor àti káàdì pa pọ̀.

Ẹ wá yọ wáyà 8-pin, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu ẹ̀. Pin tó dára á máa tàn bí owó ẹyọ. Èyí tó ń gbóná á ti pọ́n bí iṣu tó jóná díẹ̀, rọ́bà tó yí i ká á ti dán, á sì ti wú díẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ ó rí pin kan tó ti sún sẹ́yìn ju àwọn yòókù lọ, kò fi bẹ́ẹ̀ kan nǹkan kan. Pin kan báyìí tó láti pa kọ̀ǹpútà ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bá wúwo. Bí káàdì bá ní ẹnu 8-pin méjì, wáyà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kó ti PSU wá. Ẹ má lo èyí tó la ẹnu méjì sórí wáyà kan. Adapter tó ń sọ SATA di 6-pin, ẹ sọ ọ́ nù. Pin 12V mẹ́ta ló wà lórí SATA, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 1.5A, gbogbo ẹ̀ jẹ́ wáàtì 54, bẹ́ẹ̀ 6-pin lè bèèrè 75. Bí ìyókù á ṣe wá, iná ni.

Bí káàdì bá ń fi fólítéèjì ẹnu 8-pin hàn nínú GPU-Z, ẹ wò ó nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Ìwọ̀n ATX, ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe PSU, fàyè gba fólítì 11.4 sí 12.6. Èyí tó wà ní 12.1 nígbà tó jókòó lásán tó wá já sí 11.5 nígbà tó ń sáré, mi ò ní fọkàn tán an.

Ó wá ku ohun tó ń ti ògiri bọ̀. 230V ló yẹ kó jẹ́. Ẹ ti mítà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lálẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá tan iná, pàápàá bí ilé yín bá jìnnà sí tiransifọ́mà, ẹ ó rí nǹkan mìíràn. Bí iná bá ti kéré, PSU á fa àḿpíà púpọ̀ sí i kó lè ṣe iṣẹ́ kan náà, òun fúnra ẹ̀ á sì gbóná. Lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré, ẹ wo gílóòbù nígbà tí fíríìjì tàbí ẹ̀rọ afami bá fẹ́ tan: bó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan náà tí kọ̀ǹpútà kú, ẹ ti rí ọ̀daràn.

Inverter ló ní ẹ̀tàn jù. PSU tó bá ìwọ̀n ATX mu máa ń lè dá dúró fún nǹkan bíi 16 sí 17 ms lẹ́yìn tí iná bá já, bó bá gbé ẹrù tó wúwo. Bí ẹrù bá fúyẹ́, á pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí ọ̀pọ̀ inverter, ẹ lè yan ipò UPS (fún kọ̀ǹpútà) tàbí ipò APL (fún ohun èlò ilé yòókù). UPS ń yí padà ní nǹkan bíi 10 ms, APL ní 20. Kọ̀ǹpútà tí kò ní overclock, tí ẹrù ẹ̀ fúyẹ́, lè la 20 ms já láìsí wàhálà, èyí tó ní overclock tó ń ṣe géèmù lọ́wọ́ lè kú, olówó ẹ̀ á sì máa bú káàdì. APL tún ń jẹ́ kí iná tó ti já sí 90V kọjá wọlé kó tó yí sí bátìrì. UPS ń gé e ní 170V. Ẹ fi sí UPS. Láti mọ̀ dájú, ẹ jẹ́ kí géèmù máa lọ, kí ẹnìkan já brékà ìta lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí inverter bá sì jẹ́ irú modified sine wave (tí ìgbì iná rẹ̀ kò dán), PSU tó ní active PFC (ètò tó ń darí bó ṣe ń fa iná) lè máa kùn tàbí kó kú lórí ẹ̀. Èyí kò ní àtúnṣe nínú Afterburner.

Bí gbogbo èyí bá ti mọ́, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ overclock padà. Power limit lókè pátápátá, core sí òdo, ẹ dán an wò. Lẹ́yìn náà ẹ dá a sí méjì: bó bá jẹ́ +150 MHz ló ń dákú, ẹ gbìyànjú +75. Bó bá dúró, +110. Bó bá dákú, +90. Ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún, ẹ ti rí ààlà ẹ̀. Ẹ wá yọ 30 kúrò nínú ohun tó yege, torí àárọ̀ ọyẹ́ ń bọ̀. Core tán kí ẹ tó kan mẹ́mórì, kí ẹ má ṣe méjèèjì pọ̀.

Èmi gan-an, undervolt (dídín fólítéèjì core kù) ni mo fẹ́ràn jù fún kọ̀ǹpútà tó ń gbé orí inverter. Ẹ tẹ Ctrl+F nínú Afterburner kí àwòrán fólítéèjì àti iyára lè ṣí. Fún RTX 3060, ẹ mú kókó 900 mV, ẹ gbé e sí 1800 MHz, kí ẹ tẹ́ gbogbo kókó apá ọ̀tún ẹ̀ pẹrẹsẹ sí 1800 náà kó má baà rí ibi fò lọ. Bó bá dúró, ẹ sọ fólítéèjì kalẹ̀ ní 25 mV lẹ́ẹ̀kan títí á fi dákú, kí ẹ padà sókè ní ìgbésẹ̀ kan. Ẹ tọ́jú overclock sí Profile 1 fún ìgbà tí iná ìjọba bá dúró dáadáa, ẹ tọ́jú undervolt sí Profile 2, kí ẹ wọ Settings, ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní hotkey tirẹ̀. Bí iná bá lọ, ẹ ò ní jáde nínú géèmù kí ẹ tó yí i.